Ẹ̀ńjìnì Tó Wà Lójú Òkun

Ọjọ́ Sátidé ni ìròyìn náà dé, ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Àrínọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé ni, láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Lanham, ní Améríkà. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn inú gáréèjì, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nígbà tí fóònù dún nínú báàgì. Nọ́ńbà Tíṣà Tàjùdéèn ni. Inú rẹ̀ dùn, nítorí fóònù Tíṣà yìí ni ìyá rẹ̀ máa ń yá ní Sátidé Sátidé. Ìyá á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan péré, á pa á, kí ọmọ tó wà lókè òkun lè fi káàdì ìpè tirẹ̀ pè é padà. Ó dúró kí fóònù náà dákẹ́. Kò dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tàjùdéèn wí, "ṣé ẹ wà ní ìjókòó?"

Ó ní òun wà ní ìjókòó. Ó sì dìde.

Tíṣà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú òwe. Ó ní Màmá jí lọ bẹ pákí lọ́dọ̀ ọlọ́jà ńlá tó máa ń fi tírélà kó pákí wọ Ìdí-Ọ̀dán, abúlé wọn, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin sí iṣẹ́ ojúmọ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, Màmá ní òòyì ń kọ́ òun, kí wọ́n fún òun lómi. Kí omi tó dé, ó ti fara ti òkìtì pákí, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e dé Ìsẹ́yìn. Dókítà kàn fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé ni. Ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ni wọ́n fẹ́ sin ín, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè tọ́jú òkú sí nítòsí.

Àrínọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan há sí i létí, kò jẹ́ kí ìyókù wọlé.

"Pákí ta ni Màmá ń bẹ?"

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni ìyá rẹ̀. Oṣooṣù ni Àrínọlá ń fi ọgọ́rùn-ún dọ́là ránṣẹ́ sí i. Ó ti ní kó fi iṣẹ́ agbára sílẹ̀, ìyá sì ti ní òun ti fi í sílẹ̀. Tàjùdéèn ní kí òun gbé fóònù fún àgbà.

Alimat ni àgbà náà. Òun ni igbákejì ìyá rẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọwọ́wẹwọ́, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìdí-Ọ̀dán, tí wọ́n ń dá àjọ ní Jímọ̀ọ̀ Jímọ̀ọ̀. Obìnrin mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Alimat sunkún díẹ̀, ó kí Àrínọlá kú àṣẹ̀yìndè, ó ní Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ sí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àrínọlá, mo mọ̀ pé òní kọ́ ló yẹ kí n béèrè. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún náà là ń ríran. Ẹ̀ńjìnì wa tó wà lójú òkun, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n dá a padà nítorí pé ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i ti kú. Bó bá ti dé Àpápá, àwa fúnra wa la ó lọ gbé e."

"Ẹ̀ńjìnì wo, Ìyá mi?"

"Ẹ̀ńjìnì tí a ó máa fi rin pákí. Èyí tí ọkọ rẹ rà fún wa."

Alimat rò pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kó rántí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an létí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní wẹ́dà kan wà ní Ìsẹ́yìn tí ì bá ti jó irin tiwọn fún wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹgbẹ́ ní ti Améríkà ló dára, pé kì í bàjẹ́, pé àna òun yóò fi ránṣẹ́. Ó ní Akínlọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gbé mọ́tò wá gba owó àjọ wọn, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lójú gbogbo ẹgbẹ́, tó tún mu gàrí lọ́dọ̀ wọn kó tó lọ. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ òkun pẹ́, tí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣèdánwò ń béèrè owó wọn, Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń wá nǹkan fún wọn lábẹ́ aṣọ. Àwọn ò mọ ibi tó ti ń rí i. Ní ti pákí tó ń bẹ fún ọlọ́jà, ó ní ìjókòó lásán ló ń dun òun lórúnkún.

Àrínọlá mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń rí i. Ìgbà yẹn gan-an ló mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ń pè wọ́n padà, ó sì wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Adébọ̀wálé ọkọ rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń dín ẹyin fún Jessica, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láti ìgbà tí ọ́fíìsì tó ti ń bá àwọn ènìyàn ṣètò owó tí báńkì ń yáni láti fi ra ilé ti kógbá wọlé níbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun ló ń dáná àárọ̀. Lẹ́tà báńkì wà lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí Àrínọlá sọ fún un pé Màmá ti kú, ó fi ẹyin sílẹ̀ lórí iná, ó ká ọwọ́ lé orí, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ojú ayé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń pe Màmá ní orúkọ tí òun nìkan fi máa ń pè é, "Ìyá olójú àánú mi."

Àrínọlá dúró kó sunkún díẹ̀.

"Dádì Jessica, ẹ̀ńjìnì wo ni Alimat ń béèrè lọ́wọ́ mi?"

Ẹkún náà dá, bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n yí pa. Adébọ̀wálé ò wo ojú rẹ̀. Ẹyin jó, èéfín sọ, aago èéfín orí àjà bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Jessica gun orí àga, ó ń fi tọ́wẹ̀lì fẹ́ ẹ, ó ń wo bàbá, ó ń wo ìyá. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Aago náà dákẹ́ nígbà tó yá, wọ́n sì gbọ́ pé ẹnìkan ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà.

Àǹtí Rẹ̀mí ni, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwọn, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà kan náà. Ó ti gbé ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́. Ẹnìkan ti pe ìlú Oxon Hill láti Ìsẹ́yìn, Oxon Hill ti pe Lanham, Lanham ti pe gbogbo ayé. Ìròyìn òkú kì í gba físà. Kó tó di aago mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́jọ ti wà ní pálọ̀, mọ́tò ti tò dé iwájú ilé ẹlòmíràn. Ọkùnrin Améríkà tó ń gbé ní ìdojúkọ wọn sọdá wá, ó bi Jessica bóyá wọ́n ń kó ẹrù jáde ni, nítorí ilé mẹ́ta ni báńkì ti gbà lọ́wọ́ onílé ládùúgbò náà láti ìgbà ooru, bí mọ́tò sì ṣe máa ń pọ̀ níwájú wọn nìyẹn. Jessica ní rárá, màmá àgbà òun ló kú. Ọkùnrin náà ní ó mà ṣe o, ó sì padà sílé rẹ̀ bí ẹni tí ara tù.

Ní pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ikú rere. Àǹtí Rẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, Màmá jẹ èrè ọmọ," ni ó wí, tó ń bu ìrẹsì fún àwọn àlejò. "Oṣooṣù ni dọ́là ń dé. Bí ẹni jókòó lórí àga, kó na ẹsẹ̀, kó máa pàṣẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá tèmi ní Ìjẹ̀bú, tí n bá pẹ́ ọjọ́ méjì kí n tó fi owó ránṣẹ́, ó ti fi mí sun pásítọ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní ti ìyá òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi òun sùn. Àrínọlá náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ló ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń kó ìrẹsì sẹ́nu ló ń wò. Ó ń ronú pé agbọ̀n pákí mélòó ni obìnrin arúgbó lè bẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, àti pé ìgbà wo ni Màmá ń jẹun. Ó béèrè omi. Wọ́n gbé e fún un, kò mu ún.

Adébọ̀wálé ń gba àlejò dáadáa. Ó ń kí ẹni tó dé, ó ń sin ẹni tó ń lọ, ó ń gbé àga. Ìgbàkígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ti súnmọ́ ọn, yóò rí ẹlòmíràn tí kò tíì kí.

Nǹkan bí aago méjìlá ni Sístà Ọmọ́kẹ́mi dé. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni èsúsú àwọn obìnrin méjìlá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú káàkiri àgbègbè náà wà. Ó fa Àrínọlá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi àpòòwé kan tó nípọn lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nínú èsúsú tiwọn nìyẹn. Ẹni tí òkú bá kú fún ni yóò gba ọwọ́ oṣù náà, bó ti wù kí ọwọ́ tirẹ̀ jìnnà tó. Nọ́ọ̀sì kan ní Oxon Hill ló kàn, ó sì ti bá ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò fún un sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n pè é láàárọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e fún ọlọ́fọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là.

Àrínọlá ò tíì dúpẹ́ tán tí Adébọ̀wálé fi wà lẹ́yìn wọn. Kò tún rí àlejò kankan kí mọ́. Ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì Jessica, Ọlọ́run ló gbọ́ tiwa yìí. Mọ́ńdè ni gbèdéke tí báńkì fún wa. Tí a bá san ti oṣù mẹ́ta tó wà nílẹ̀, wọn ò ní gbé ilé yìí lọ tà ní kọ́ọ̀tù Upper Marlboro."

"Níbo ni owó àwọn obìnrin yẹn wà?"

"Kò sọnù."

"Mi ò bi yín bóyá ó sọnù."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ó wà lórí ilé wa ní Ìbàdàn. Páànù ló kàn nígbà náà, òjò ti fẹ́ ba ògiri jẹ́. Akínlọ́lá gba náírà lọ́hùn-ún, èmi náà ya dọ́là sọ́tọ̀ níhìn-ín láti fi ra ẹ̀ńjìnì. Kí ni owó fẹ́ máa kọjá òkun fún? Ṣebí bí gbogbo wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà ń ṣe é."

Lóòótọ́ ni, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ sanwó ilé ìwòsàn bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ á gbé dọ́là fún ẹnìkan ní Lanham, ará ilé onítọ̀hún á sì ka náírà lé bàbá náà lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Kò sí báńkì, kò sí ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, àti ojú tí wọ́n fi mọ ara wọn. Àrínọlá fúnra rẹ̀ ti ṣe é, tó sì yọrí sí rere.

"Dọ́là náà dà?"

Adébọ̀wálé na ọwọ́, ó fi yí ilé ìdáná náà po, ààrò tó ń dán, kọ́bọ́ọ̀dù onígi pupa, fèrèsé tó kọjú sí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé pé oṣù tí òun fẹ́ ra ẹ̀ńjìnì gan-an ni owó ilé tí àwọn ń san fún báńkì lóṣooṣù fò sókè lójijì, bí ìwé tí àwọn fọwọ́ sí ti wí, pé oṣù kan péré lòun ní lọ́kàn láti yá a, pé oṣù kan ló bí èkejì.

Àrínọlá gbé ojú sókè wo àjà. Ó ń wo ibi tí páànù wà lẹ́yìn àjà. Ó wá yé e pé ilé méjì ni àwọn obìnrin Ìdí-Ọ̀dán ti fi owó pákí bò, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan níbí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń yan gàrí tiwọn, tí òjò bá sì dé, wọ́n á gbé agbada wọn, wọ́n á sá.

"Àwọn obìnrin ò mọ̀," ni ó wí. "Ẹ ti purọ́ fún Màmá, Màmá sì ń bá yín sọ ọ́ láìmọ̀."

Ọkọ rẹ̀ wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn.

"Màmá mọ̀," ni ó wí. "Mo jẹ́wọ́ fún wọn lásìkò Àjíǹde tó kọjá. Mo sunkún fún wọn lórí fóònù. Àwọn ni wọ́n ní kí n má sọ fún ọ. Wọ́n ní, 'Bí Àrínọlá bá gbọ́, ilé rẹ̀ á tú. Jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn obìnrin pé ó wà lójú òkun, títí Ọlọ́run á fi la ọ̀nà.'"

Àrínọlá fẹ̀yìn ti ààrò, ó sì yọ̀ sílẹ̀ títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀. Láti Àjíǹde. Sátidé Sátidé láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ń bi í lórí fóònù pé ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé ọkọ rẹ̀ ti rí iṣẹ́, kó má bá ọkọ rẹ̀ jà o, ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dà bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Òun náà á ní, "Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀, ẹ máa sinmi." Màmá á ní òun ń sinmi.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Sístà Ọmọ́kẹ́mi ló dúró síbẹ̀, ó wá mú ṣíbí. Kò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó mú ife kan tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Adébọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. "Mo ṣẹ̀. Mi ò ní mi ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé yìí bá lọ, ibo ni Jessica á máa sùn? Òkú ò mọ iye tí wọ́n ra aṣọ. Màmá ti lọ."

"Òkú ò mọ̀," ni Àrínọlá wí. "Alimat mọ̀."

Ìgbà náà ni fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́. Tíṣà ni. Aago kan ni níbí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nílé. Ẹgbẹ́ ti pé jọ. Àrínọlá mú káàdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn nọ́ńbà gígùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò le mọ́ ọn, ó kàn gbé ọwọ́ lé e ni.

"Sọ fún wọn pé ó ń bọ̀. Jẹ́ ká sin Màmá tọlátọlá ná. Ọ̀la péré. Lẹ́yìn náà la ó wá wo bí a ó ti ṣe é."

Ó rò ó. Kò sí irọ́ níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò tíì pa tán. Ọ̀kan péré ló kù, òun ni yóò sì jẹ́ kí òkú náà dé sàréè pẹ̀lú ọlá. Ó parí nọ́ńbà náà, ó ṣí fóònù sí gbangba, ó sì gbé e sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Wọ́n kí i. Ohùn púpọ̀ ni, ọ̀kan ń gun orí èkejì, ewúrẹ́ ń ké láàárín wọn. Ó dúró kí wọ́n kí i tán.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ni ó wí, "kò sí ẹ̀ńjìnì lójú òkun. Kò sí rí. Ilé ọkọ mi ni owó yín lọ."

Ewúrẹ́ nìkan ló ń ké. Adébọ̀wálé dìde nílẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn gáréèjì jáde. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, tó sì padé. Wọn ò gbọ́ kó tan mọ́tò. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Obìnrin kan béèrè láti ọ̀nà jíjìn bóyá Àwẹ̀ró mọ̀.

Oríkì ìyá rẹ̀ nìyẹn. Sístà Ọmọ́kẹ́mi ti pa omi ẹ̀rọ, ó di etí báásìn mú. Àrínọlá lè sọ pé rárá. Ẹni kan ṣoṣo tó lè já a nírọ́ wà nínú mọ́tò tí kò tan.

"Ó mọ̀," ni ó wí. "Nítorí tèmi ló ṣe purọ́ fún yín."

Ariwo tó tẹ̀ lé e kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ẹkún wà nínú rẹ̀, èpè wà nínú rẹ̀. Ohùn kan jáde gbangba, ó ní ọmọ òun jókòó sílé lọ́dún kan gbáko nítorí ẹ̀ńjìnì. Alimat ò pariwo. Nígbà tí gbogbo wọn rẹlẹ̀, ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá Ìyá Ẹgbẹ́ ṣì sọ fún òun, wọ́n jọ jókòó ni, pé ọkọ̀ òkun náà ti kọjá Gánà.

Àrínọlá mú àpòòwé náà, ó nà án sí Sístà Ọmọ́kẹ́mi.

"Sístà, ẹ bá mi fi í ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lórúkọ Alimat ni, kì í ṣe lórúkọ ará ilé ẹnikẹ́ni. Kó gba báńkì kọjá. Kó kọjá òkun." Lẹ́yìn náà ó dojú kọ fóònù. "Tíṣà, ẹ lọ bá wẹ́dà Ìsẹ́yìn, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀."

Sístà Ọmọ́kẹ́mi wo àpòòwé, ó wo ilé ìdáná yẹn láti òkè délẹ̀, ó sì gbà á.

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ ní Ìdí-Ọ̀dán. Alimat ní àwọn gbọ́. Ó ní òun fẹ́ kí Àrínọlá mọ ohun tí àwọn pé jọ fún, kó má bàa jẹ́ ẹ̀yìn ló ti máa gbọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ tó sin ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń pe ìwé orúkọ. Bí wọ́n bá dé orí orúkọ òkú, ọmọ rẹ̀ ló ń dáhùn fún un, ọwọ́ ìyá nínú àjọ á sì di ti ọmọ. Ẹni tí wọn ò bá pe orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ ò ní tẹ̀ lé e dé sàréè. Ìyá rẹ̀ ló wà lókè ìwé. Ní báyìí, àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn á pè é.

"Ẹ má pè é," ni obìnrin tí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé wí.

Alimat ní kí Tíṣà bẹ̀rẹ̀.

"Alimat Adépọ̀jù," ni Tàjùdéèn pè.

"Mo wà."

Àrínọlá gbọ́ ọ. Ó ti fo orúkọ àkọ́kọ́.

"Wúràọlá Ọ̀jẹ́lékè." "Mo wà." "Sàfúrátù Ìṣọ̀lá." "Mo wà." Orúkọ ń kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí omi láti orí páànù. Àwọn kan ń dáhùn pẹ̀lú ẹkún, àwọn kan ń dáhùn pẹ̀lú ìbínú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé dáhùn bí ẹni sọ òkúta. Jessica ti wọlé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó rọra béèrè lédè Òyìnbó pé kí ni wọ́n ń kà. Àrínọlá gbá a mọ́ra. Ní pálọ̀, ohùn Àǹtí Rẹ̀mí ti lọ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ilé ń tẹ́tí.

Ohùn obìnrin inú káàdì ìpè dá sí ọ̀rọ̀, ó ní ìṣẹ́jú kan ló kù kí owó rẹ̀ tán.

Tàjùdéèn pe ẹnìkan, ó pe ẹnìkan, ó pe ẹni ìkẹyìn. Ẹni ìkẹyìn ní òun wà. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹnìkan wú ikọ́.

"Pè é, Tíṣà," ni Alimat wí.

"Mosúnmọ́lá Àwẹ̀ró."

Àrínọlá dìde nílẹ̀. Ó fa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ sísàlẹ̀, ó dúró gbọn-in.

"Mo wà," ni ó wí.